"Ẹ dá Bar Beach padà": ikú, ẹgba, àti ẹni tó kọ sítétímẹ́ǹtì

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn adigunjalè ya wọ àdúgbò wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ṣá ọkùnrin tó ń ta gáàsì ládàá, bóyá ni apá rẹ̀ á tún wúlò. Ọlọ́pàá ti mú ọmọkùnrin méjì, wọ́n sì ní wọ́n ti jẹ́wọ́. Kí ló dé tí ìjọba ò dá Bar Beach padà? Kí wọ́n so wọ́n mọ́ òpó, kí gbogbo ayé máa wò wọ́n. Ohun kejì: láti ìgbà tí wọ́n ti ní kí tíṣà má na ọmọ mọ́ layé ti bàjẹ́. Ọmọ tí wọ́n bá nà dáadáa ní pírámárì kò lè di adigunjalè. Lọ́yà, ẹ̀yin ni mò ń bá wí o. Ẹ má fi Gẹ̀ẹ́sì kóòtù dá mi lóhùn.

* * *

Kò sí Gẹ̀ẹ́sì kóòtù níbẹ̀. Ẹ bá mi kí ọlọ́jà gáàsì yẹn, Ọlọ́run á wo apá rẹ̀ sàn.

Ẹ jẹ́ ká mú Bar Beach, etí òkun Èkó yẹn, lákọ̀ọ́kọ́. Ogun Biafra parí ní January 1970, ìbọn sì pọ̀ nígboro ju iṣẹ́ lọ. Lọ́dún yẹn náà ni ìjọba Gowon ṣòfin pé ẹni tó bá fi ìbọn jalè, ikú ni. Ní April 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ yìnbọn pa adigunjalè létí òkun yẹn níṣojú èrò. Ní September 8 ọdún kan náà ló kan Ìṣọ̀lá Oyènúsì tí wọ́n ń pè ní Dókítà, òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá mi wà láàárín èrò lọ́jọ́ náà. Ohun méjì ló máa ń sọ nípa rẹ̀: pé Oyènúsì ń rẹ́rìn-ín, àti pé àwọn tó ń ta gúgúrú pa owó.

Ṣé olè wá dáwọ́ dúró? Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn rẹ̀, Lawrence Anini ń da ìlú Benin láàmú. Òfin ikú wà nílẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn, Anini sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní December 1986, ọ̀gá ọlọ́pàá kan, George Iyamu, ni àṣírí rẹ̀ tú pé ó ń bá wọn ṣe é, tó ń fún wọn ní ìbọn. Ní March 1987 ni wọ́n yìnbọn pa àwọn méjèèjì. Ẹ ro ti Iyamu yẹn wò ná. Ó wọ aṣọ ìjọba, ó mọ òfin ju èmi àti ẹ̀yin lọ, ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún adigunjalè. Ẹ̀rù òpó ò bà á. Ohun tí olè ń bẹ̀rù ni kí wọ́n mú òun, tí ẹni tó yẹ kó mú un bá sì ń bá a jẹun, òpó ò já mọ́ nǹkan kan lójú rẹ̀.

Mo gbà pé èyí ò tíì dáhùn gbogbo ohun tẹ́ ẹ bi mí.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé láti Houston ní ká wo Singapore àti Saudi, pé wọ́n ń pààyàn níbẹ̀, ìlú wọn sì tòrò. Ọ̀pọ̀ ló ti dá sí i pé òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká wo Singapore náà dáadáa, torí ọmọ wa wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún.

Ní November 2004, Iwuchukwu Amara Tochi, ọmọ Nàìjíríà, ọmọ ọdún 18 tó ń wá ibi tí yóò ti gbá bọ́ọ̀lù, kó sọ́wọ́ ọlọ́pàá ní pápákọ̀ òfurufú Changi. Héróìnì gíráàmù 727 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní egbòogi ni wọ́n sọ fóun pé ó jẹ́. Lábẹ́ òfin ibẹ̀ nígbà yẹn, tó bá ti lé ní gíráàmù 15, ikú ni, adájọ́ kò láṣẹ àtidín in kù. Òfin náà tún ti gbà ṣáájú pé ẹni tó gbé ẹrù mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, àfi tó bá lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òun ò mọ̀. Adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kò sí ẹ̀rí tààrà pé ọmọ yẹn mọ ohun tó gbé. Ó sì dá a lẹ́bi bẹ́ẹ̀. Ọbásanjọ́ kọ̀wé bẹ̀bẹ̀, wọn ò gbà. Ní January 26, 2007, wọ́n yẹgi fún un. Ẹni ọdún 21 ni.

Tó bá jẹ́ Saudi lẹ fẹ́, ẹ ó rántí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Kano tó bá ìyá rẹ̀ lọ ṣe Úmúrà ní December 2018. Wọ́n rí báàgì kan tí tramadol wà nínú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló wà lára báàgì náà. Àwọn kan ní pápákọ̀ òfurufú Kano ló lẹ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ mọ́ ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ bàbá rẹ̀ àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ariwo sí i, ìjọba wa dìde, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní ìparí April 2019. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yẹn náà ni Saudi pa obìnrin Nàìjíríà mìíràn lórí ọ̀rọ̀ oògùn. Ta ló bá wa yẹ báàgì tìyẹn wò?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìlú wọn tòrò, ẹ wo Benin Republic níbí. Kò sí ìdájọ́ ikú níbẹ̀ mọ́. Ní 2018, wọ́n sọ ìdájọ́ àwọn 14 tó kù di ẹ̀wọ̀n gbére. Togo ti pa tiwọn rẹ́ ní 2009. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ná ọjà Kétu tọ̀hún, ṣé ọkàn yín kì í balẹ̀ níbẹ̀ tó ti Ìlaròó ni?

* * *

Oníbéèrè wa tún ti padà dé: "Ṣùgbọ́n àwọn tiwa ti jẹ́wọ́, Lọ́yà."

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyẹn.

Mo gba ẹjọ́ ọmọkùnrin kan tó jẹ́ kọ̀ndọ́ ọkọ̀ dáńfó, ìdigunjalè ni ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án. Kò kàwé kọjá pírámárì mẹ́rin. Mo gba sítétímẹ́ǹtì rẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá, mo kà á. Gẹ̀ẹ́sì tó wà níbẹ̀ ta tèmi yọ. Ó ní òun jẹ́ "a member of a notorious armed robbery gang". Àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ mú wọn, ohun kan náà ló wà nínú tiwọn, títí dórí "notorious" náà, ọwọ́ ìkọ̀wé kan ṣoṣo sì ni. Ìsàlẹ̀ ìwé ni wọ́n ti tẹ̀ka. Mo bi í pé kí ni notorious. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé orúkọ ọ̀gá wọn ni?"

Kí ló wá yọ ọ́? Lóru ọjọ́ tí wọ́n jalè yẹn, àtìmọ́lé ló wà ní tésàn mìíràn, torí ó bá awakọ̀ rẹ̀ jà. Orúkọ rẹ̀ àti aago tó wọlé wà nínú ìwé ńlá tó wà lórí káńtà wọn. Ká ní kò jà lọ́jọ́ yẹn, ilé ló máa sùn, ìyá rẹ̀ nìkan ni ì bá sì jẹ́rìí pé ọmọ òun wà nílé. Ẹ mọ bí kóòtù ṣe ń fojú wo ẹ̀rí ìyá.

Ẹ má sọ pé Nàìjíríà nìkan nirú rẹ̀ wà. Ní Notting Hill ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkùnrin kan, Timothy Evans, tí kò mọ̀wé kà dáadáa, jẹ́wọ́ fọ́lọ́pàá pé òun pa ìyàwó àti ọmọ òun. Ní kóòtù ó ní irọ́ ni, pé John Christie tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé ló pa wọ́n. Christie gan-an ni ẹlẹ́rìí pàtàkì tí ìjọba pè. Wọ́n yẹgi fún Evans ní March 1950. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n rí òkú obìnrin lóríṣiríṣi nínú ilé Christie. Ní 1966 ni ìjọba forí ji Evans, ó ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún nínú ilẹ̀. Ní Japan, wọ́n fi ìbéèrè lu Iwao Hakamada fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní 1966 títí ó fi jẹ́wọ́ ìpànìyàn. Ní 1968 wọ́n dájọ́ ikú fún un. September 2024 ni kóòtù tó sọ pé kò jẹ̀bi, ó ti di ẹni ọdún 88, orí rẹ̀ ò sì pé mọ́. Òun tiẹ̀ wà láyé gbọ́ ọ.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Sítétímẹ́ǹtì tí ọlọ́pàá kọ fúnra rẹ̀, ẹjọ́ ẹnì kan ni.

* * *

Ẹni tó ní òyìnbó ló ń sanwó fún mi kí n máa gbèjà olè: ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá òyìnbó ọ̀hún, mo ní owó iléèwé láti san lóṣù yìí.

* * *

Bàbá wa kan fi òwe lé wa lọ́wọ́: bí o láyà, kí o ṣìkà, bí o bá rántí ikú Gáà, kí o ṣòótọ́. Wọ́n ní àwọn baba ńlá wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ẹ ṣé, bàbá. Kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀ pé wọ́n ń pààyàn láyé àtijọ́. Àwọn tẹ̀tú wà lọ́dọ̀ Aláàfin fún iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka ìtàn náà dé ìparí. Aláàfin Abíọ́dún pa Baṣọ̀run Gáà ní 1774, wọ́n fi ikú rẹ̀ ṣe àríkọ́gbọ́n fáráyé. Láàárín bí ogún ọdún sígbà yẹn, Aólẹ̀ tó jọba lẹ́yìn Abíọ́dún àtàwọn ìjòyè ti ń fi ìkà san ìkà fún ara wọn, Ọ̀yọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Gbogbo wọn ló gbọ́ ìtàn Gáà. Àwọn kan wà níbẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ ká sọ̀rọ̀ tẹ̀tú, torí àwọn tó ń ké pé "ẹ pa wọ́n", n ò tíì rí ọ̀kan tó ní òun á ṣe iṣẹ́ náà. Ní Salvador ní Brazil, àwọn Mùsùlùmí tó jẹ́ ẹrú àtàwọn tó ti gba òmìnira, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Nàgó, ìyẹn ọmọ Yorùbá, dìtẹ̀ ní January 1835. Wọ́n dájọ́ ikú fún mẹ́rin. Wọ́n ti ri òpó mọ́lẹ̀ láti yẹgi fún wọn, ṣùgbọ́n wọn ò rẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́. Wọ́n wá nínú ẹ̀wọ̀n pàápàá, kò sẹ́ni tó gbà. Bó ṣe di pé sójà yìnbọn pa wọ́n ní May 14 nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù ni wọ́n ń nà ní gbangba, àádọ́ta ẹgba lójúmọ́, títí iye tí kóòtù dá yóò fi pé. Àlùfáà wọn kan, Licutan, wà nínú wọn. Ẹ̀wọ̀n ló wà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi jà, torí gbèsè tí olówó rẹ̀ jẹ. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ẹgba ni wọ́n dá fún òun náà.

Nàìjíríà ńkọ́? Ní June 2013, Ààrẹ Jonathan sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ àwọn bàbá pé kí àwọn gómìnà má bẹ̀rù láti bọwọ́ lùwé. Ní June 24, wọ́n mú ọkùnrin márùn-ún lọ síbi ìyẹgi nínú ẹ̀wọ̀n Benin. Wọ́n yẹgi fún mẹ́rin. Ẹnì karùn-ún, Thankgod Ebhos, dúró, ó ń wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn án ni wọ́n tó yẹ ìwé rẹ̀ wò: ìbọn ni kóòtù ní kí wọ́n fi pa á, kì í ṣe okùn. Wọ́n dá a padà sí yàrá rẹ̀. Ní October 2014, gómìnà Kaduna dá a sílẹ̀ lómìnira. Irú ikú tí kóòtù kọ sínú ìwé nìkan ló dúró láàárín òun àti okùn.

Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ gómìnà kì í fi fẹ́ fọwọ́ kan irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Arẹ́gbẹ́sọlá jẹ́ mínísítà ní 2021, ó ní àwọn tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún lé ní 3000, ó bẹ àwọn gómìnà kí wọ́n bọwọ́ lu ti àwọn tí ẹjọ́ wọn ti parí. Wọn ò dá a lóhùn. Wọn ò fẹ́ pa wọ́n, wọn ò fẹ́ tú wọn sílẹ̀. Lójú mi, ìkà tirẹ̀ lọ́tọ̀ nìyẹn.

* * *

Ọ̀rọ̀ ẹgba. Mo ti ń sá fún un torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ la ó ti jà.

Èmi náà jẹ ẹgba. Láàárọ̀ tí mo bá pẹ́ dé iléèwé, màá fa irun ìpéǹpéjú mi kan tu, màá kì í bọ inú irun orí kí tíṣà lè gbàgbé mi. Ìwé ìkọ̀wé méjì á wà nínú ṣòkòtò. Tíṣà wa mọ̀, ó máa ń gbá ìdí wa pẹ́pẹ́ kó lè gbọ́ ìró bébà, lẹ́yìn náà á ní ká yọ ọ́, á wá fi àtòrì bẹ̀rẹ̀. Kí ni mo rí kọ́ níbẹ̀? Bí wọ́n ṣe ń fa ìpéǹpéjú tu láìsunkún.

Ẹ ní ọmọ tí wọ́n bá nà kò lè di olè. Ẹ̀yin ará, mo ti jókòó pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ń jẹ́jọ́ ìdigunjalè. Mo máa ń bi wọ́n bí wọ́n ṣe dàgbà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ pé wọn ò na òun. Bàbá nà wọ́n, tíṣà nà wọ́n, ọ̀gá mẹkáníìkì fi bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì nà wọ́n. Ká ní ẹgba ló ń ṣe é ni, wọn ì bá ti di bíṣọ́ọ̀bù.

Òfin tẹ́ ẹ sì ń sọ pé ó dá tíṣà dúró, ẹ lọ kà á dáadáa. Abala 295 nínú Criminal Code, ìyẹn ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, gba òbí àti tíṣà láyè láti na ọmọ, bí ẹgba náà bá ti wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ní kí kóòtù má ṣe dájọ́ ikú tàbí ẹgba fún ọmọdé, kí ẹnikẹ́ni má sì hùwà ìkà sí i. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n kọ̀ fún tíṣà yín láti ṣe, àṣẹ ìpínlẹ̀ tàbí ti ọ̀gá iléèwé ni.

Àǹtí tó wà ní Peckham tí ọmọ rẹ̀ ní òun á pe ọlọ́pàá: England tẹ́ ẹ wà ṣì gba òbí láyè díẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹgba bá fi àpá sílẹ̀, ẹ ti wọ wàhálà. Tẹ́ ẹ bá kó lọ sí Scotland, láti November 2020, kò sí àyè kankan. Wales náà bẹ́ẹ̀ láti March 2022. Sweden ló kọ́kọ́ ṣe é láyé, ní 1979. Iléèwé ìjọba ní Britain ò na ọmọ mọ́ láti 1987, ìyẹn lẹ́yìn tí àwọn òbí ará Scotland gbé wọn lọ sí kóòtù ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg.

Tíṣà kan dá mi lóhùn ní gbangba pé: "Lọ́yà, ẹ wá bá mi mú ọmọ 70 nínú kíláàsì kan tí kò ní fèrèsé, kẹ́ ẹ wá fẹnu bá wọn sọ̀rọ̀." Ó jàre. N ò ní ìdáhùn tó máa tẹ́ ẹ lọ́rùn, àfi pé iṣẹ́ ìjọba ni láti dín ọmọ 70 yẹn kù, kì í ṣe ti àtòrì. Òun náà mọ̀ pé ọmọ tó ń nà jù kì í ṣe èyí tó burú jù. Èyí tí bàbá rẹ̀ kò lè wá jà ni.

* * *

"Ká ní ọmọ yín ni wọ́n pa ńkọ́?"

Màá fẹ́ kí wọ́n pa á. Màá fẹ́ fọwọ́ ara mi pa á. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi gbà kí èmi jẹ́ adájọ́ níbẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọlọ́jà gáàsì yẹn máa sanwó ọsibítù fúnra rẹ̀. Nínú gbogbo èsì tó ti wọlé láti àná, kò sẹ́ni tó bi wá ní nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀. Oníbéèrè, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀.

* * *

Ẹnìkan mẹ́nu ba ọmọkùnrin Ọ̀ṣun tí wọ́n ní kí wọ́n yẹgi fún torí adìẹ. Ẹ jẹ́ ká tún un sọ dáadáa. Adìẹ kọ́ ni kóòtù torí rẹ̀ dájọ́ ikú, ìdigunjalè ni. Òfin kò sì bìkítà bóyá adìẹ lẹ fi ìbọn gbà tàbí mílíọ̀nù. Ní 2010 ni wọ́n mú un, àwọn òbí rẹ̀ ní ọmọ ọdún 17 ni nígbà náà. Ní 2014 ni wọ́n dájọ́. December 2024 ni gómìnà Adélékè tó forí jì í. Tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ló fi ìbọn jalè, ẹ̀wọ̀n tọ́ sí i. Tí kò bá ṣe é, ta ló fẹ́ dá ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ padà fún un? Méjèèjì ló bá ohun tí mò ń sọ mu. Wọ́n rí i forí jì torí ó ṣì wà láàyè.

* * *

Ìyá kan kọ̀wé pé àbúrò òun wà lára àwọn tí wọ́n dájọ́ ikú fún, ó ti pẹ́, lọ́yà wọn sì ti pòórá. Màmá, ẹ má sunkún, ẹ gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sí kóòtù tó dájọ́, kẹ́ ẹ gba ẹ̀dà ìdájọ́ tí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́. Láìsí ìyẹn, kò sí lọ́yà tó lè ṣe nǹkan kan. Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ó dín mẹ́wàá ni òfin fún ẹni tó fẹ́ pẹjọ́ láti High Court lọ sí Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn. Tó bá ti kọjá, wọ́n ṣì lè tọrọ àfikún àkókò. Ẹ lọ bá Legal Aid Council, ọ́fíìsì wọn wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọn kì í gbowó lọ́wọ́ tálákà. Tó bá jẹ́ pé ẹjọ́ náà ti dé Supreme Court, tó ti parí, tí ọdún mẹ́wàá sì ti kọjá tí wọn ò pa á, òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n ti 2019, abala 12, fún Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ láṣẹ láti sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n gbére. Wọn kì í fúnra wọn ṣe é o. Èèyàn ló gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà. Ẹ bi wọ́dà ní nọ́ńbà àbúrò yín àti ọjọ́ tó wọlé, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ẹ̀dà ìdájọ́ náà. Màá kọ lẹ́tà ti àkọ́kọ́ fún yín.